Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Fẹ́ Ṣe Fóònù fún Ìdílé Kọ̀ọ̀kan

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ sún mọ́ra. Fọlárìn, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ, kò sì dáa ká máa sọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó gba orí òrùlé kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sílé Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ṣe fóònù, àti Àrìnpé ọmọ rẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn jọ ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n jọ ń tò sídìí kànga kan náà, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó mọ fóònù ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Ọmọ ènìyàn ló fi ṣaya.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ ènìyàn, Ìyá Àgbà?"

Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó o wá fẹ́ ẹ ni? Ó fẹ́ ẹ, obìnrin náà sì gbà. Agbẹ̀bí ni obìnrin yìí. Bó bá ti gbọ́wọ́ lé ikùn aboyún báyìí, ọkàn aboyún á balẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, òun ni Àrìnpé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè wọ́n ní Bàbá Àrìnpé àti Ìyá Àrìnpé.

Àrìnpé lọ sílé ọkọ ní ìlú kejì. Ó pẹ́ kó tó lóyún, ó pẹ́ gan-an ni. Àwọn ìyàwó tí wọ́n jọ wọlé ọkọ ti ń mú ọmọ lọ iléèwé, tirẹ̀ ò tíì dé. Nígbà tí oyún wá dúró, inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn débi pé ó fò láti orí àjà bọ́ sí àárín àgbàlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ó ní orúkọ kan nínú tó fẹ́ sọ ọmọ náà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ ìkómọ lòun máa fi ẹnu ara òun pè é sétí ọmọ, kí ẹlòmíràn tó pè é.

Àdéhùn wọn ni pé bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, Àrìnpé á pè wọ́n lórí fóònù. Ìyá Àrìnpé ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀: kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, òrí, àti aṣọ àlòkù tó rọ̀. Ìlú náà kò jìnnà. Ẹni tó bá jáde láàárọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun ọ̀sán.

Ó ti yé yín títí débẹ̀?

"Ó yé wa!"

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti fóònù.

Fóònù tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ ṣe, irú kan ni. Gbóhùnmi ló pè é. Ẹni tó lówó àti ẹni tí ò lówó, Gbóhùnmi ni gbogbo wọn ń lò. Bí ṣájà rẹ bá bàjẹ́, o ò ní ju kó o na ọwọ́ sí ojúlé kejì. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀, ṣájà kan ni gbogbo àdúgbò fi ń gba iná, tí ẹnì kan bá yọ tirẹ̀, ẹlòmíràn á fi tirẹ̀ sí i. Kò sí ariwo.

Erin wá, ó ní bí òun bá tẹ ení, ọwọ́ òun á tẹ èjì àti ẹ̀ta mọ́ ọn, ó wá pẹ́ tí òun ti ń pe ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ṣe èyí tó tóbi. Ọ̀pọ̀lọ́ náà wá, ó ní bí òun bá ti wọ odò, ohùn fóònù òun á dákẹ́. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe èyí tí omi ò lè ràn.

Ó pé mẹ́ta. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, àlọ́ ì bá ti parí, ẹ̀yin náà ì bá ti lọ sùn.

"Kò dúró?"

Ta ní í dúró níbi tí wọ́n bá ti ń yìn ín?

Ó ṣẹlẹ̀ pé Ẹfọ̀n náà ra fóònù ńlá, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ náà tóbi. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà ìlú ń ṣèpàdé. Erin yọ fóònù rẹ̀ kó fi wo aago. Ẹfọ̀n náà yọ tirẹ̀. Erin wo ti Ẹfọ̀n, ó wo tirẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Kò dúró kí ìpàdé tú. Ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbà lọ tààrà, ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé oríkì kan náà ni wọ́n fi ń ki ìdílé wa àti ìdílé Ẹfọ̀n?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ṣé èèwọ̀ kan náà la ní?"

"Rárá, Bàbá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló wá dé tí ohun tó wà lọ́wọ́ mi fi jọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lára ṣinṣin. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí igi àjà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní láìsí àní-àní, Erin sọ òótọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ilà ojú tirẹ̀. Ohun tí ilé kan ń jẹ, èèwọ̀ ni nílé kejì. Ta ni òun tí òun á fi gbé fóònù kan náà lé gbogbo wọn lọ́wọ́, bí ẹni pé wọn ò ní baba?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣe ti ìdílé Erin lọ́tọ̀, ó kọ ilà wọn sí i lẹ́yìn, ó fi oríkì wọn sínú rẹ̀ kó máa ké e bí ẹnì kan bá pè. Ó ṣe ti Ẹfọ̀n lọ́tọ̀. Ó fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀: èyí kò gbọdọ̀ rí oòrùn ọ̀sán, èyí kò gbọdọ̀ gbọ́ òórùn irú. Ó tún ní kò bójú mu kí ọmọ ilé kan máa jẹun nínú àwo ilé kejì, nítorí náà ẹnu ṣájà wọn kò gbọdọ̀ bára mu. Ó ṣe ihò kan ní róbótó, ó ṣe òmíràn ní pẹlẹbẹ, ó ṣe òmíràn ní onígun mẹ́ta. Ibi tí síìmù ń jókòó sí náà, ó yí i padà láti ilé dé ilé.

Ìyá Àrìnpé wò ó, ó mi orí. Ó sọ fún un pé oúnjẹ ilé kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kànga kan náà ni gbogbo ilé ń mu, iná ṣájà kì í sì í ṣe oúnjẹ, omi ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun mọ ẹ̀bí gbà, kó fi ti fóònù sílẹ̀ fún òun.

Àwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n ya bò ó. Ẹkùn wá, Ẹtù wá, Ọ̀bọ wá, àwọn ọmọ ènìyàn náà wá, ìdílé ọdẹ, ìdílé alágbẹ̀dẹ, ìdílé aláṣọ òkè. Wọ́n dúró láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ìdí ìrókò, wọ́n ń kọrin. Ẹ̀yin ẹ máa gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́ o, ṣe tèmi fún mi,

"Kíríń jáńjọ̀!"

Èmi kì í ṣẹgbẹ́ Ẹfọ̀n,

"Kíríń jáńjọ̀!"

Èmi kì í ṣẹgbẹ́ Ẹtù,

"Kíríń jáńjọ̀!"

Ilé wa yàtọ̀ sílé wọn,

"Kíríń jáńjọ̀!"

Ṣe tèmi fún mi, kí n máa lọ,

"Kíríń jáńjọ̀, kíríń!"

Ẹ rọra o, ẹ má jí àwọn ará ilé.

Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ wú. Kò rántí jẹun mọ́. Ó ń gé, ó ń jó irin mọ́ra, ó ń kọ ilà, ó ń há oríkì sórí. Fóònù rẹ̀ di ogún irú, ó di ogójì irú, nígbà tó yá òun gan-an ò mọ iye tó jẹ́ mọ́. Àgùntàn wá ra tirẹ̀, ó dúró níwájú àtẹ, ó ń wo èyí, ó ń wo tọ̀hún. Wọ́n ní èyí ni ti Àgùntàn bọ̀lọ̀jọ̀, èyí ni ti Àgùntàn onírun, èyí ni ti Àgùntàn tó bá wá láti òkè odò. Orí rẹ̀ dàrú, ó lọ sílé láìra nǹkan kan, ó ní òun á máa ké bẹ̀ẹ̀ bí òun ṣe ń ké e tẹ́lẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, okùn ṣájà ti lọ́ mọ́ra bí ìfun adìẹ. Ẹkùn fa ti Ọ̀bọ yọ, ti Ọ̀bọ ò sì wọ tirẹ̀, wọ́n gbá ara wọn mú. Fóònù Ẹtù bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ wá gíláàsì tó bá a mu nínú gbogbo agbọ̀n rẹ̀, ó rí ti gbogbo ilé, kò rí ti ilé Ẹtù. Síbẹ̀, èrò ń wá, orin ń lọ.

Níbi tí inú rẹ̀ ti ń dùn yìí ló ti rántí ọmọ rẹ̀. Ó ní ṣé gbogbo ìlú á wá máa lo fóònù ìdílé wọn, kí ọmọ òun máa lo Gbóhùnmi? Ó jókòó tì í, ó ṣe méjì péré fún ìdílé Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Àrìnpé. Wọ́n dán, wọ́n rẹwà, irú wọn ò sí níbòmíràn láyé. Ó sì fún wọn ní èèwọ̀ tiwọn: aboyún kò gbọdọ̀ tan fóònù yìí sílẹ̀ nígbà tó bá ń sinmi. Ó gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gba Gbóhùnmi lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bọ àpò.

Àrìnpé dúpẹ́. Ọmọ wo ni kò ní dúpẹ́?

Oṣù rẹ̀ pé. Ìyá Àrìnpé kò lè fọkàn sí nǹkan kan mọ́. Ó ní kí ọkọ òun pe ọmọ wò. Ọ̀kẹ́rẹ́ pè é, fóònù kò dún lọ́hùn-ún. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì, kò dún. Ìyá Àrìnpé ní àyà òun ń já, kí àwọn máa lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní ọmọ òun ń sinmi ni, ó ń pa èèwọ̀ mọ́. Ó tún rán an létí pé ìyá ìyàwó kì í ṣàdédé ya ilé àna láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Ó máa pè wá," ló wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Èwo nínú iṣẹ́ mi ló já mi kulẹ̀ rí?"

Obìnrin náà jókòó ti ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣe ti ìdílé Ẹfọ̀n ti òkè, tí wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdílé Ẹfọ̀n ti ìsàlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ló yọ lókèèrè?

"Ta ni?"

Ìgbín.

"Ìgbín!"

Ìgbín ni o, ó ń bọ̀ yẹ́ẹ́, ó ń bọ̀ yẹ́ẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn kú ilé. Wọ́n bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òun lómi. Ó mu omi. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ará, ó béèrè àwọn aládùúgbò. Ó wá nu ẹnu.

"Àrìnpé ní kí n sọ fún yín pé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ ò rí i bí ilé náà ṣe dàrú! Ìyá Àrìnpé ti gbé ẹrù lé orí kí Ìgbín tó pa ẹnu dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ju irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù, ó fo ògiri, kò rántí ilẹ̀kùn. Wọ́n sáré gba ẹ̀yìn ọjà, wọ́n la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ẹni tó bá kí wọn, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fò láti igi dé igi, ó ń pe orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kí ahọ́n rẹ̀ má bàa kọsẹ̀ nígbà tó bá dé ọ̀hún. Kò sí ẹni tó rántí bi Ìgbín pé ọjọ́ wo ló ti gbéra.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyá Àgbà, ọjọ́ wo ló gbéra?"

Ẹ ṣe sùúrù.

Wọ́n dé ẹnubodè, wọ́n gbọ́ orin. Inú Ìyá Àrìnpé dùn, ó ní ọmọ ti wálé, ìyẹn ni wọ́n fi ń jó. Wọ́n sún mọ́ ilé, wọ́n rí àwọn obìnrin tó ń fọ abọ́, wọ́n rí eegun ẹran nílẹ̀, wọ́n rí àwọn àgbà tó ti jẹun yó tí wọ́n ń tayín. Ìyá ọkọ Àrìnpé jáde sí wọn, àwo omi ìkómọ ló gbé lọ́wọ́, ó da omi inú rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní ọjọ́ kẹjọ ọmọ nìyí, àwọn ti sọ ọ́ lórúkọ láàárọ̀. Ó ní nígbà tó kan ìdílé ìyá láti dárúkọ, àwọn wo ọ̀nà títí, àwọn sì gbé àwo kọjá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i padà.

Wọ́n wọlé lọ bá Àrìnpé. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú, nítorí ìrọbí náà le, kò sì sí ọwọ́ ìyá rẹ̀ nítòsí. Ó ròyìn fún wọn. Ṣájà rẹ̀ ló jóná, fóònù sì kú. Ó yá ti àwọn Ẹtù àdúgbò ibẹ̀, ó há. Ó yá ti Ẹfọ̀n, ó fẹ̀ jù. Ó yọ síìmù, ó fẹ́ fi sínú ti Ọ̀bọ, kò jókòó. Nọ́ńbà bàbá rẹ̀ sì rèé, inú fóònù ló wà, kò sí lórí. Fọlárìn, o mọ nọ́ńbà bàbá rẹ lórí?

"Hun... Ìyá Àgbà, ẹ máa bá àlọ́ lọ."

Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ nínú ìrora. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni, àwọn á rí ṣájà tó máa wọ̀ ọ́ láìpẹ́, ilé dé ilé ni wọ́n ń wá a. Ìgbín tó ń lọ sí ìlú Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ ìrọbí gan-an ni Ìgbín gbéra, kò dúró lọ́nà, àwọn tó kù sì gbà pé iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín, pé ìdílé ìyá ń bọ̀. Ẹ má bú Ìgbín o.

Ìyá Àrìnpé gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún. Àrìnpé ò bínú, ohun tó dun Ọ̀kẹ́rẹ́ jù nìyẹn. Ó kàn gbójú sókè wò ó.

"Bàbá, gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò yìí ló ní fóònù tí ẹ fọwọ́ yín ṣe. Kò sí ọ̀kan tí mo lè fi pè yín."

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀, òun tí kì í jókòó. Ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó padà délé, ó kó gbogbo àwọn fóònù orí àtẹ, ó tú wọn palẹ̀. Ó ṣe mẹ́ta: ti ọwọ́ ńlá, ti ọwọ́ kékeré, ti ẹni tó ń gbé inú omi. Ẹnu ṣájà wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Síìmù tó bá wọ ọ̀kan, ó wọ gbogbo wọn. Kò sí ilà, kò sí èèwọ̀.

Erin tún dé, ilẹ̀ tún mì tìtì. Ó ní ṣé òun àti Ẹfọ̀n ló tún máa jọ lo ọ̀kan náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí àgbà ni, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà.

"Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ oríkì yín, ẹ pe àwọn ìyàwó ilé, wọ́n á kì yín dáadáa. Èmi, fóònù ni mò ń ṣe."

Erin bínú lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó rán ọmọ rẹ̀ wá rà á. Wọ́n rí òun náà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ń bẹ Ọ̀bọ pé kó yọ tirẹ̀, kí òun fi tòun sí i.

"Ọmọ náà ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

Ọmọ dàgbà, ó ń rìn, Àrìnpé sì mú un wá kí bàbá àgbà. Ọmọ ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré lágbàálá. Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe orúkọ tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí: "Màkànjúọlá." Ọmọ ò wẹ̀yìn. Ó tún pè é: "Màkànjúọlá, ọmọ mi." Ọmọ ń bu yẹ̀pẹ̀. Ó wá pe èyí tí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ sọ ọ́: "Ayọ̀délé." Ọmọ yí padà, ó rẹ́rìn-ín, ó sáré wá gbá a lẹ́sẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà, Ayọ̀délé lòun náà ń pè é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń ṣe nǹkan tà fún ará ìlú, kó wo iye irú ọwọ́ tó máa lò ó, kó ṣe ìwọ̀n ìyẹn. Bó bá ń ka ìgbéraga àwọn tó ń rà á, kò ní kà á tán láé, ohun tó bá sì ṣe kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìṣòro.

Àlọ́ mi ti rìn, ó ti délé, ó ti fọ ẹsẹ̀. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ahọ́n mi lọ́, kó má lè pe orúkọ yín mọ́. Fọlárìn!

"Mà!"

Ọmọ́wùmí!

"Mà!"

Ó ṣì ń pè é geere. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.